Bí Prọ́ṣíà Ṣe Di Alágbára ní Yúróòpù

Prọ́ṣíà jẹ́ ìjọba kan ní àríwá Yúróòpù tó hù láti inú ilẹ̀ Brandenburg, níbi tí Berlin wà. Ilẹ̀ oníyanrìn ni, kò lọ́ràá, kò sì ní òkè tó lè dá ọ̀tá dúró. Lásìkò Ogun Ọgbọ̀n Ọdún (1618–1648), ọmọ ogun àjèjì ń gbabẹ̀ kọjá bó ti wù wọ́n, wọ́n ń jó abúlé, wọ́n ń kó oúnjẹ lọ.

Friedrich Wilhelm, tó ṣe olórí ibẹ̀ láti 1640 sí 1688, ló dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí kì í túká lẹ́yìn ogun sílẹ̀. Ó sì mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn pa ọ̀rẹ́ dà. Nígbà tí Swídìn àti Pólàndì ń jà, Swídìn ló kọ́kọ́ gbè. Nígbà tó yá, ó fi í sílẹ̀, Pólàndì sì yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ tó ní lórí ilẹ̀ Prọ́ṣíà, ilẹ̀ mìíràn tó wà lábẹ́ Friedrich Wilhelm, tí ìjọba náà ti gba orúkọ rẹ̀, fún un ní Wehlau ní 1657. Adé ọba tí ọmọ rẹ̀ dé ní Königsberg ní 1701, ìdúnàádúrà ló ti wá: olú-ọba Leopold, tó ń ṣàkóso Ọ́stríà, ń wá ọmọ ogun, ó fọwọ́ sí adé náà kó lè rí 8,000 gbà.

Ọba Friedrich Kejì tó jẹ lẹ́yìn náà kò dúró de àdéhùn kankan. Oṣù Kejìlá 1740 ló wọ Silesia, ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ tó jẹ́ ti Ọ́stríà, ó sì gbà á. Ìwọra yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìjọba rẹ̀ rẹ́. Nínú Ogun Ọdún Méje (1756–1763), Ọ́stríà, Faransé àti Rọ́ṣíà para pọ̀ lé e lórí. Ikú Elizabeth, ọbabìnrin Rọ́ṣíà, ní 1762 ló yọ ọ́: Peter Kẹta tó gorí oyè fẹ́ràn rẹ̀, ó sì bá a parí ìjà.

Otto von Bismarck, tó di olórí ìjọba Prọ́ṣíà ní 1862, kò jẹ́ kí ọ̀tá méjì ká òun mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun àti Ọ́stríà ló jọ bá Dẹ́nmárkì jà ní 1864. Kó tó kọjú sí Ọ́stríà fúnra rẹ̀ ní 1866, ó ti bá Ítálì mulẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun Königgrätz, ọba Prọ́ṣíà fẹ́ gbà nínú ilẹ̀ Ọ́stríà. Bismarck bá a jiyàn títí ó fi gbà láti fi í sílẹ̀. Lójú mi, ìpinnu yẹn tóbi ju ìṣẹ́gun náà lọ, nítorí nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Faransé ní 1870, Ọ́stríà kò dìde. Faransé ṣubú ní Sedan, wọ́n sì kéde Ìjọba Jámánì ní ààfin Versailles ní 18 oṣù Kìíní 1871.

Ìjọba tuntun yìí ló dé etíkun Togo ní 1884. Ní 1897, òun àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà Togo àti Dahomey: àwọn ọmọ Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé bọ́ sábẹ́ Jámánì, àwọn ẹbí wọn lápá ìlà-oòrùn ààlà sì wà lábẹ́ Faransé.