Irin, Iná àti Férémù Kẹ̀kẹ́ ní Troyeville

Ọdún kan péré ni kẹ̀kẹ́ ológeere irú èyí tí à ń gùn lónìí fi ṣe ẹ̀gbọ́n fún ìlú Johannesburg, nítorí pé 1885 ni J. K. Starley ará Coventry gbé Rover rẹ̀ jáde, nígbà tí ó sì di 1886 ni òkìkí wúrà kó ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lọ sí Witwatersrand, tí wọ́n fi tẹ ìlú náà dó. Troyeville jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ níbẹ̀; òpópónà Albermarle rẹ̀ ni Gandhi fi ṣe ibùgbé ní 1904. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to férémù kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀, agbo ọmọ Ògún Lákáyé, ọ̀ṣìn-ìmọlẹ̀, ni ó wọ̀, ó sì tọ́ kí ó mọ orírun iná kọ̀ọ̀kan kí ó tó mú ọ̀kan.

Nínú àwọn iná tí a fi ń so irin pọ̀, ti idẹ ni àgbà. Àwọn ọlọ́nà àtijọ́ a ki ẹnu páìpù bọ inú àpò irin kékeré, wọn a kó iná bá a títí yóò fi pọ́n, idẹ a sì ṣàn wọ inú àlàfo láìjẹ́ pé irin fúnra rẹ̀ yọ́. Nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni idẹ ń yọ́, irin kò sì yọ́ títí yóò fi súnmọ́ 1,500. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí Reynolds ti Birmingham gbé páìpù 531 jáde ní 1935, ìfidẹsopọ̀ yìí ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí 753, tí ó tún tinrin jù ú lọ, dé ní 1976, fàdákà nìkan ni wọ́n gbà kí a fi so ó, ẹni tí yóò sì lò ó ní láti kọ́kọ́ fi àpẹẹrẹ iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Iná ọ́síjìn pẹ̀lú gáàsì kábáìdì, tí àwọn jórinjórin ilé wa mọ̀ dunjú, ti ilẹ̀ Faransé wá ní 1903, láti ọwọ́ Fouché àti Picard. Ọ̀nà ìjórin tí à ń pè ní TIG ni àbúrò gbogbo wọn: iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni Russell Meredith ṣe é fún ní Amẹ́ríkà ní 1941, ó sì di ìwọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ ní nǹkan bí 1980 sí 1990, nígbà tí kẹ̀kẹ́ orí òkè gbòde. Ó yá, ó sì mọ́, ṣùgbọ́n irin gan-an ni ó ń yọ́. Páìpù tí kò nípọn tó mìlímítà kan kò sì ní dárí ji ọwọ́ tí ó bá gbọ̀n. Ti iná ẹ̀lẹ́tíríìkì tí a fi ń ṣe géètì, kí a má tilẹ̀ dá a lábàá. Lílu ni yóò lu páìpù.

Ní tèmi, idẹ ni kí olùbẹ̀rẹ̀ mú, nítorí pé oríkèé tí ó bá wọ́ ṣeé yọ́, kí a sì tún un tò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí èéfín lè jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí àgbá gáàsì dúró ṣánṣán ní ìta.