Ibojì Àwọn Tó Tẹ Ìjẹ̀bú Dó

Láti ìgbà tí Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà ti wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ ibojì ti di àríyànjiyàn nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìlànà Mùsùlùmí ni wọ́n fi sin Ọba. Inú àwọn kan dùn sí i, àwọn kan fárí gá. N kò ní dá sí ìyẹn. Ohun tó ká mi lára ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn kò mọ ibi tí wọ́n sin àwọn tó tẹ ìlú dó sí, àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n sì ń tán lọ.

Ìmẹ̀pẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní nítorí pé ibẹ̀ ni ìdílé ìyá mi ti ṣẹ̀ wá ni, ṣùgbọ́n n kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Àwọn bàbá wa sọ pé Olú-Ìwà ló kọ́kọ́ dé, Ajẹbu àti Olóde sì bá a wá. Ajẹbu ni ó rán pé kó lọ pa ààlà ilẹ̀, ó sì fa ètò ìlú lé Olóde lọ́wọ́. Ìmẹ̀pẹ̀ ni ibojì Ajẹbu wà. Ti Olóde wà ní Ìta Àjànà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nílé wa, wọ́n ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Ajẹbu fi rin ààlà náà yí ká. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá sọ ẹni tó rìn ín.

Lẹ́yìn Olú-Ìwà ni Arísù, lẹ́yìn Arísù ni Ọbańta. Àwọn ọba tó tẹ̀ lé e pọ̀, títí ó fi kan Dáníẹ́lì Adéṣanyà Gbélégbùwà.

Òkè-Erì, níbi tí ibojì kẹta wà, ni àlejò ń wọ́ lọ, nítorí Bílíkísù Súngbọ́. Wọ́n ní koríko kì í hù lórí ibojì rẹ̀, wọ́n sì ní obìnrin kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ló sùn síbẹ̀. Ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ ni wọ́n pè é, tó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà kí orúkọ òun má bàa parẹ́. Yàrà náà kì í ṣe kékeré: ó gùn tó 160 kìlómítà, ibòmíràn sì ga tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ dé orí ògiri. Patrick Darling tó wọ̀n ọ́n ṣírò pé erùpẹ̀ rẹ̀ ju òkúta tó wà nínú pírámíìdì ńlá Íjíbítì lọ.

Àwọn kan ní Súngbọ́ yìí ni ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì. N kò gbà. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ yàrà náà wò, òpin ọ̀rúndún 14 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 15 ni wọ́n bá ìkọ́lé rẹ̀. Sólómọ́nì ti kú ṣáájú ìyẹn fún ohun tó lé ní 2,000 ọdún. Kí ló dé tí a fi ń yá ayaba lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ tiwa ló gbẹ́ yàrà?

Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1892, yàrà ò lè gbà wá. Carter, gómìnà òyìnbó ní Èkó, rán Colonel Scott láti Èpẹ́ pẹ̀lú ìbọn Maxim, nítorí pé Ìjẹ̀bú kọ̀ láti ṣí ọ̀nà òwò sílẹ̀ fún àwọn òyìnbó. Ní Ìmàgbọ́n, létí odò Yèmọ̀jí, àwọn èèyàn wa dúró. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọ́n sá! Ìbọn tó ń yìn láìdúró ló ṣẹ́gun, kì í ṣe akọni. Lọ́jọ́ kejì, òyìnbó wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò pọ̀ ní sísọ. Gbélégbùwà jọba ní 1933, Adétọ̀nà ní 1960. Ní 1995, Nàìjíríà fi yàrà Súngbọ́ sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé. Inú ìwé náà ló ṣì wà.

Mo bẹ ìjọba Ògùn àti gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú: ẹ má ta ilẹ̀ etí yàrà náà mọ́, kí ẹ sì mọ ọgbà yí ibojì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ni owó tó wà lè ká, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìmẹ̀pẹ̀.