ÀWỌN ỌMỌ CÔTE D'IVOIRE NÍNÚ OGUN ÀGBÁYÉ MÉJÈÈJÌ

Mo ti ṣàkíyèsí pé nígbàkúùgbà tí àwa ọmọ Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ ogun àgbáyé, ogun Bọ́mà ni a máa ń kọ́kọ́ rántí. A ó sọ ti àwọn bàbá wa tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà ní ọdún 1943 àti 1944, tí wọ́n sì bá àwọn ará Japan jà nínú igbó Arakan. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní ilẹ̀ àwọn Baoulé, tí a ń jẹ iṣu wọn, tí a ń tajà fún wọn, tí wọ́n sì ń pè wá ní Anago, a kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè ohun tí ogun kan náà fi ojú àwọn onílé wa rí.

Èmi náà wà nínú àwọn tí kò béèrè, títí di ọjọ́ tí mo lọ sí Botro, ìlú kan ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Bouaké, láti bá ìdílé kan kẹ́dùn. Nígbà tí a jókòó tán, ìyá àgbà kan nínú ìdílé náà mú àpótí kékeré kan jáde, ó sì mú mẹ́dàlì bàbà kan tí ó ti dípẹtà lé mi lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kan ń túmọ̀ èdè Baoulé fún mi. Ìyá náà wí pé, "Pásítọ̀, ọmọ mi, okùn ni wọ́n fi mú bàbá mi láti oko lọ sí Bouaké. Nígbà tí ó padà dé, èyí ni ó mú bọ̀." Mo wálé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé, mo sì rí i pé ó yẹ kí a mọ ìtàn yìí.

Kí a tó lè mọ bí ohun tí a gbà lọ́wọ́ wọn ti pọ̀ tó, ó yẹ kí a mọ ipò tí wọ́n wà nígbà tí Ogun Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914. Láti ọdún 1893 ni Côte d'Ivoire ti di ti Faransé lórí ìwé, ṣùgbọ́n àwọn Baoulé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1908, Gabriel Angoulvant dé gẹ́gẹ́ bí Gómìnà, ọkùnrin tí ó gbàgbọ́ pé agbára nìkan ni a fi ń ṣe ìjọba. Ó kọlu ilẹ̀ Baoulé láti ìletò dé ìletò. Ó gba ìbọn ọwọ́ wọn, ó bu owó ìtanràn lé wọn lórí, ó lé àwọn olórí wọn lọ sí ìgbèkùn, ó sì fi ipá kó àwọn abúlé kéékèèké jọ sí ojú kan. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin dé Bouaké ní ọdún 1912. Ọdún méjì péré lẹ́yìn èyí, ogun Yúróòpù dé. Àwọn tí a gba ìbọn lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọ́n fi ń gbèjà ilẹ̀ wọn ni a tún padà wá mú, kí wọ́n lè gbé ìbọn mìíràn láti gbèjà ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Tirailleurs sénégalais ni orúkọ tí Faransé ń pe àwọn ọmọ ogun dúdú wọn, nítorí pé ní Senegal ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1857. Orúkọ yìí ti ṣi ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́nà. Baoulé, Agni, Bété, Sénoufo, Mossi, Bambara, àti àwọn ọmọ Dahomey, gbogbo wọn ni a kà mọ́ ará Senegal lójú ogun, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó kú nínú wọn kú lábẹ́ orúkọ ilẹ̀ tí kò dé rí. Ọ̀gágun Charles Mangin ni ó ti kọ ìwé ní ọdún 1910 láti sọ fún àwọn ará Faransé pé ilẹ̀ Áfíríkà lè pèsè ọmọ ogun tí kò ní tán. Nígbà tí ogun dé, wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Báwo ni a ṣe ń kó wọn? Ajẹ́lẹ̀ a bu iye kan lé àgbègbè kọ̀ọ̀kan, àwọn olóyè a sì pín in fún ìletò. Ẹni tí ó ní agbára a pa ọmọ tirẹ̀ mọ́, a sì fi ọmọ ẹrú, tàbí ọmọ òrukàn, tàbí àlejò tí kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé Samuẹli kìíní orí kẹjọ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé ìjọba a ó kọ ọ́ pé wọ́n fi ara wọn sílẹ̀ tinútinú. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í fi okùn mú ẹni tí ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ni ó sá. Àwọn kan wọ inú igbó lọ, àwọn mìíràn sì kọjá ààlà sí Góòlù Kóòsì, tí í ṣe Gánà ní òní, lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1917, àwọn Agni ti Sanwi ṣí lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ohun kan náà ni àwọn ará tiwa ṣe. Àwọn Yorùbá Ọ̀họ̀rí ní ilẹ̀ Dahomey dìde sí Faransé ní ọdún 1914 àti 1915, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Kétu àti agbègbè rẹ̀ sì sá wọ ilẹ̀ Nàìjíríà kí a má baà mú àwọn ọmọ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ̀wé lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó, ó sì tún kọ̀wé lórí bí àwọn ará Côte d'Ivoire ti fi ṣíṣílọ ṣe ọ̀tẹ̀. Òun ni ó là mí lójú pé sísá lọ pẹ̀lú jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn ènìyàn fi ń dáhùn nígbà tí a kò fún wọn ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀.

Àwọn tí kò rí ibi sá sí dé ojú ogun. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1916, àwọn ọmọ ogun dúdú wà nínú àwọn tí ó gba odi Douaumont padà ní Verdun. Ní oṣù kẹrin ọdún 1917, lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Chemin des Dames, wọ́n rán wọn gòkè nínú yìnyín àti òtútù tí kò jẹ́ kí ìka ọwọ́ wọn lè di ìbọn mú dáadáa. Ó lé ní 7,000 nínú wọn tí ó kú tàbí tí ó gbọgbẹ́. Òtútù náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ìgbà ọ̀gìnnìtìn wọn a máa kó wọn kúrò lójú ogun lọ sí Fréjus ní gúúsù, kí àìsàn àyà má baà pa wọ́n tán.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1918, Faransé tún béèrè ènìyàn. Joost van Vollenhoven, tí í ṣe Gómìnà Àgbà ní Dakar, kò fara mọ́ ọn pé kí a tún kó ènìyàn, ó sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí ojú ogun, ó sì kú síbẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà. Blaise Diagne, ọmọ Senegal, aṣojú dúdú ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Paris, ni wọ́n rán. Ó ṣe ìlérí mẹ́dàlì, owó, àti ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, ó sì kó bí 63,000 ọkùnrin jọ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà Faransé. Ní àpapọ̀ ogun náà, bí 30,000 nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wọ̀nyí ni kò padà sílé. Ní ti ìlérí Diagne, díẹ̀ ni ó ṣẹ.

N kò lè fi ogun yìí sílẹ̀ láìdárúkọ Wòlíì William Wadé Harris, ọmọ Liberia, tí ó fi ẹsẹ̀ rìn wọ Côte d'Ivoire ní ọdún 1913 pẹ̀lú aṣọ funfun, àgbélébùú igi àti Bíbélì. Wọ́n ní ó lé ní 100,000 ènìyàn tí ó rì bọmi ní etí òkun. Nígbà tí ogun dé, ẹ̀rù ogunlọ́gọ̀ tí ń tẹ̀lé e ba Angoulvant, nítorí pé àwọn òyìnbó tí ó ṣẹ́kù nílẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n mú wòlíì náà, wọ́n sì lé e padà sí Liberia. Ṣùgbọ́n nígbà tí W. J. Platt ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n ṣì ń dúró de olùkọ́.

Àlàáfíà dé, ṣùgbọ́n kò mú ìsinmi wá. Láti ọdún 1919, òfin sọ iṣẹ́ ológun ọdún mẹ́ta di dandan pẹ̀lú pé ogun ti tán. Àwọn tí a kò mú fún ìbọn, a lè mú wọn fún ọkọ́: iṣẹ́ ọ̀nà, iṣẹ́ ojú irin, iṣẹ́ oko òyìnbó. Ní ọdún 1932 wọ́n tú Haute-Volta ká, wọ́n sì fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kún Côte d'Ivoire títí di ọdún 1947. Nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tí ìwé ogun kejì pè ní ọmọ Côte d'Ivoire jẹ́ Mossi láti ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Burkina Faso ní òní.

Nígbà tí Jámánì wọ ilẹ̀ Faransé ní oṣù karùn-ún ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun dúdú tún wà ní iwájú. Ní Chasselay, nítòsí Lyon, ní ọjọ́ 19 àti 20 oṣù kẹfà, wọ́n jà nígbà tí Faransé ti ń tọrọ àlàáfíà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀, àwọn ará Jámánì ya àwọn dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn funfun, wọ́n sì pa wọ́n. Ibojì 188 ọmọ ogun dúdú wà níbẹ̀ títí di òní, tí a mọ odi pupa yí ká bí ilé ìhà Sudan.

Ìṣubú Faransé pín àwọn ọmọ rẹ̀ sí méjì. Ọ̀gágun de Gaulle wà ní London. Ọ̀gágun àgbà Pétain wà ní Vichy, ó ti bá Hitler ṣe àdéhùn. Pierre Boisson, Gómìnà Àgbà ní Dakar, tẹ̀lé Pétain, Côte d'Ivoire sì wà lábẹ́ rẹ̀. Níhìn-ín ni ọba kan ti ṣe ohun tí ó yà mí lẹ́nu. Kouadio Adjoumani, ọba àwọn Abron ní ìhà Bondoukou, kọjá ààlà sí Góòlù Kóòsì ní oṣù kìíní ọdún 1942, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Kouamé Adingra, àwọn olóyè, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rẹ̀. Ó ní ti de Gaulle ni òun ń ṣe. Òtítọ́ ni pé ìbátan rẹ̀ wà ní apá kejì ààlà, nítorí pé àwọn òyìnbó ti la ìjọba Gyaman sí méjì. Òtítọ́ sì ni pé ìnira ìjọba Vichy wà lára ohun tí ó lé e. Síbẹ̀, arúgbó ni, ó sì fi ààfin sílẹ̀ láìmọ̀ bóyá yóò padà. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá Faransé ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ yóò fẹ́ sí, ọba dúdú yìí ti yan ọ̀nà tirẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kọkànlá ọdún 1942, Dakar yí padà sí ìhà àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. A lè rò pé ìnira yóò dín kù ní ilẹ̀ Baoulé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà, òwú, ẹ̀kùrọ́, ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ ni a bù lé ìletò lórí ní orúkọ ogun. Ìletò tí kò ní igi rọ́bà pàápàá gbọ́dọ̀ wá a rí, bí yóò tilẹ̀ rà á ní ibòmíràn. Àwọn obìnrin ru ẹrù wọ̀nyí ní orí. Kò sí ẹni tí ó fún wọn ní mẹ́dàlì.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1944, àwọn ọmọ Áfíríkà wà nínú àwọn tí ó gúnlẹ̀ ní Provence láti gba Faransé sílẹ̀. Nígbà tí ìṣẹ́gun sún mọ́, ní ìgbà ìkórè, wọ́n bọ́ aṣọ ogun lára wọn, wọ́n sì fi àwọn ọ̀dọ́ funfun rọ́pò wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún náà, ní àgọ́ Thiaroye lẹ́bàá Dakar, àwọn tí wọ́n ti ṣe ìgbèkùn ogun béèrè owó iṣẹ́ tí a jẹ wọ́n, àwọn ọmọ ogun Faransé sì yìnbọn lù wọ́n. Ìjọba ní 35 ni ó kú. Lẹ́yìn náà wọ́n ní 70. Àwọn òpìtàn kan gbà pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọdún 2024 ni Faransé tó gbà pé ìpakúpa ni. Ní ọdún kan náà wọ́n kọ orúkọ mẹ́fà nínú wọn sílẹ̀ bí ẹni tí ó kú fún Faransé, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire.

Ohun kan wà tí àwọn ará ilẹ̀ yìí rí gbà. Ní ìpàdé Brazzaville ní ọdún 1944, Faransé ṣèlérí pé iṣẹ́ àfipáṣe yóò dópin láàárín ọdún márùn-ún. Félix Houphouët-Boigny, ọmọ Baoulé láti Yamoussoukro, tí ó ti kó àwọn àgbẹ̀ oníkòkó àti oníkọfí jọ sí ẹgbẹ́ kan ní ọdún 1944 náà, kò dúró de ọdún márùn-ún. Wọ́n yàn án sí Ilé Ìgbìmọ̀ ní Paris ní ọdún 1945, òfin tí ó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946. Lójú tèmi, èyí ni ìṣẹ́gun tí àwọn ará Botro rí nínú ogun náà, ju gbogbo èyí tí a fọn fèrè fún ní Paris lọ.

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì àwọn jagunjagun, òfin kan ní oṣù kejìlá ọdún 1959 dá a dúró sí iye tí ó wà nígbà náà, tí ti àwọn funfun sì ń lọ sókè. Ọdún 2006 ni ìjọba Faransé tó kéde pé òun yóò mú wọn dọ́gba. Púpọ̀ nínú wọn ti kú.

Mo tún padà sí Botro ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìyá àgbà náà kò béèrè nípa owó. Ó ní kí n bá òun ka ohun tí a kọ sára mẹ́dàlì náà, nítorí pé òun kò mọ̀wé. Mo fi aṣọ nù ún títí. République Française ni mo rí kà ní ojú rẹ̀. Ó béèrè bóyá orúkọ bàbá òun wà ní ẹ̀yìn. Mo yí i padà, mo sì sọ fún un pé kò sí níbẹ̀. A mú ìwé kan wá, ó pe orúkọ náà fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ká ìwé náà pọ̀ mọ́ mẹ́dàlì nínú àpótí.