Ibo ni ìbò UKIP gbà lọ?

Lọ́dún 2015, ìbò UKIP, ẹgbẹ́ Nigel Farage tó ń tako àjèjì àti Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4 nínú ìdìbò gbogbogbòò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di 2017, kò tó 600,000 mọ́. Àlàyé tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé ojú àwọn olùdìbò ti là, pé ariwo lórí àjèjì ti sú wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Clacton, ìlú etí òkun kan ní Essex, níbi tí àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ sí, tí àjèjì ò sì tó nǹkan. Ibẹ̀ nìkan ni UKIP ti rí ìjókòó ní 2015, tí olùdíje wọn, Douglas Carswell, gba ìdá 44 nínú 100. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nǹkan bí ìdá 70 ní agbègbè náà ló ní kí Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù. Ní 2017, ìbò UKIP ò tó ìdá 8 níbẹ̀. Ṣé ọdún kan péré ti tó fún wọn láti yí ọkàn padà? Àwọn Conservative, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba nígbà náà, ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu UKIP. Theresa May, olórí wọn, ti ní àwọn máa kúrò ní Yúróòpù dandan, ni Clacton bá kó ìbò fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lé ní ìdá 60. Bí oníbàárà ò bá yà lọ́dọ̀ aláta mọ́, ṣé wọ́n ti ṣíwọ́ ata jíjẹ ni? Kí aláta náà yọjú wo ìsọ̀ ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ná. Òótọ́ ni pé ìjà inú ilé dá kún un: Carswell fúnra rẹ̀ ti fi UKIP sílẹ̀ kí ìbò 2017 tó dé.

Àwọn kan tún ní ibi tí àjèjì bá pọ̀ sí ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń rọ́wọ́ mú. London tí àjèjì kún fọ́fọ́ ńkọ́? Nǹkan bí ìdá 8 ni UKIP rí níbẹ̀ ní 2015, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 13 káàkiri orílẹ̀-èdè. Boston ní Lincolnshire, tí àwọn ará ìlà-oòrùn Yúróòpù ya wọ̀ lẹ́yìn 2004, ló fún UKIP ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí ìyípadà ṣe yára tó ló ká àwọn ará ìlú náà lára jù.

Àwọn Conservative tó gba ìbò UKIP yìí ṣèlérí títí pé àjèjì á dín kù, iye tó ń wọlé tún wá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní July 2024, Farage gbé ẹgbẹ́ tuntun, Reform UK, wá sí Clacton yìí kan náà. Ìdá 46 ló fi wọlé.