Sípánà Tí A Gbàgbé Sínú Ọkọ̀ Òfúrufú

Bí ó ti wù kí abẹ́rẹ́ kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹni tí ó bá ń ṣe iyèméjì sí òwe yìí, kí ó jọ̀wọ́ fi etí sí ìtàn Bessie Coleman, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ìpínlẹ̀ Texas ni a bí i sí ní ọjọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1892. Tálákà ni àwọn òbí rẹ̀. Òun náà bá wọn ká òwú lóko. Nígbà tí ó dàgbà, tí ó ń gbé ní Chicago, ọkàn rẹ̀ fà sí wíwa ọkọ̀ òfúrufú. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tọ̀ lọ ní Amẹ́ríkà kò gbà á, nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, ó sì tún jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ṣé ó wá káwọ́ lérí? Rárá o. Ó kọ́ èdè Faransé, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí awakọ̀ òfúrufú níbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1921. Kò sí obìnrin dúdú Amẹ́ríkà kan tí ó gbà á ṣáájú rẹ̀.

Ó padà sílé, ó ń fi ọkọ̀ dárà lókè fún àwọn òǹwòran. Òkìkí rẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n òkìkí kì í ṣe owó. Àlòkù ọkọ̀ tí wọ́n ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, èyí tí wọ́n ń pè ní Jenny, ni agbára rẹ̀ ká. Ní 1923, ẹ̀rọ ọ̀kan nínú wọn kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní California. Ọkọ̀ já, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ikú tí ì bá pa ni, bí ó bá ṣí ni ní fìlà, ọpẹ́ ni à á dú.

Ní 1926, ó tún ra Jenny mìíràn. William Wills, tí í ṣe mẹkáníìkì àti awakọ̀, ni ó wà á láti Dallas lọ sí Jacksonville ní Florida. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀rọ náà dààmú rẹ̀ lọ́nà tí ó fi ní láti balẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ìkìlọ̀ mẹ́ta nìyẹn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, àwọn méjèèjì gbéra. Wills ni ó ń wa ọkọ̀. Bessie kò de bẹ́líìtì, nítorí pé ó fẹ́ yọjú wo ibi tí òun yóò bẹ́ sí lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn òǹwòran bá pé. Lójijì ni ọkọ̀ dorí kodò, tí ó ń yí. Bessie já bọ́, ó sì kú lẹ́ni ọdún 34. Wills kò rí ọkọ̀ náà darí mọ́. Òun náà bá a lọ. Nígbà tí a yẹ àfọ́kù rẹ̀ wò, sípánà ni a rí tí ó há mọ́ ibi tí a fi ń darí ọkọ̀. Irinṣẹ́ tí a fi ń tún ọkọ̀ ṣe ni ó ba ọkọ̀ jẹ́!

Kì í ṣe sípánà nìkan ni ó jẹ̀bi. Ìyà àwọ̀ àti àìlówó ni wọ́n gbé ògbólógbòó ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Síbẹ̀ àlá rẹ̀ kò kú: ní 1929, William Powell dá ẹgbẹ́ awakọ̀ òfúrufú sílẹ̀ ní Los Angeles fún àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì fi orúkọ Bessie sọ ọ́.

Lóde òní, níbi tí a bá ti ń tún ọkọ̀ òfúrufú ṣe dáradára, wọn a ka irinṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọn a tún un kà nígbà tí ó bá parí. Bí ọ̀kan bá dín, ọkọ̀ kò ní gbéra. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ óò di dókítà àti ẹ̀yin tí ẹ óò di ẹnjiníà lọ́la, ìjàfara léwu. Ẹ ka irinṣẹ́ yín kí ẹ tó dìde nídìí iṣẹ́.