Ta Ni Yóò Máa Tún Un Ṣe?

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: ohun tó ń bọ̀ kò ní jọ èyí tí a ń wò, kí èèyàn yáa máa ṣèwádìí. Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì kì í dúró sí ọjọ́ karùn-ún ní tiwọn. H. G. Wells, nínú The Time Machine tó jáde ní 1895, rán arìnrìn-àjò rẹ̀ lọ sí ọdún 802701. Olaf Stapledon tún nasẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1930: bílíọ̀nù méjì ọdún ni ìtàn Last and First Men gbà, oríṣi ọmọ èèyàn méjìdínlógún ló sì kọjá nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé àwọn tó ń kọ irú ìwé báyìí ti sọ ẹ̀rọ di òrìṣà, pé wọ́n gbà pé bí ọdún ti ń gorí ọdún ni irinṣẹ́ yóò máa dára sí i láìsinmi. Ẹni tó bá ka Wells parí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn Eloi tó ń gbé orí ilẹ̀ kò mọ nǹkan kan í ṣe mọ́. Àwọn Morlock abẹ́ ilẹ̀ ló ń bójú tó ẹ̀rọ, àwọn Eloi yìí náà ni wọ́n sì ń pa jẹ.

Ohun tó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ níbí ni ṣíṣe ẹ̀rọ àti títọ́jú ẹ̀rọ. Ẹni tó ṣe é ni ìtàn máa ń dárúkọ. Ẹni tó ń fi epo sí i, tó ń pààrọ̀ èyí tó jẹ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó gbọ́n jù nínú àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí kò fojú fo ẹni kejì yìí. E. M. Forster kọ The Machine Stops ní 1909: gbogbo èèyàn ń gbé inú ihò, ẹ̀rọ ńlá kan ń bọ́ wọn, títí ẹ̀rọ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fúnra rẹ̀ fi bàjẹ́. Nínú Foundation tí Isaac Asimov kó jọ ní 1951, ọmọ ń jogún iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀rọ lọ́wọ́ bàbá, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yà kékeré kan bá jó pẹ́nrẹ́n, kò sẹ́ni tó lè ṣe òmíràn. Wọ́n tún máa ń sọ pé inú ìtàn àròsọ ni Arthur C. Clarke ti ríran sàtẹ́láìtì tó ń gbé ọ̀rọ̀ káyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpilẹ̀kọ onímọ̀ ẹ̀rọ ni, inú ìwé ìròyìn Wireless World ló sì ti jáde ní 1945. Èyí tó dùn jù nínú rẹ̀ ni pé Clarke fi èèyàn sí òkè ọ̀hún, nítorí gílóòbù rédíò ayé ìgbà náà ń jó, ẹnìkan ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ìlú Ṣábẹ̀ ní ilẹ̀ Benin. Ní 1900 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Kútọnù lọ sókè. Ó dé Ṣábẹ̀ ní 1911, ọdún méjì péré lẹ́yìn ìtàn Forster. Nígbà tó fi máa di 1936, ó ti dé Parakú. Odò Ọya ni wọ́n ń lé, ọwọ́ wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ dòní. Ní 2016 wọ́n ṣí òmíràn láti Niamey dé Dosso ní ilẹ̀ Niger, pé kí ó wá pàdé ti Parakú. Àwọn méjèèjì kò tíì fojú kanra. Irin ṣì wà nílẹ̀ ní Ṣábẹ̀, tírélà ojú títì ló ń kó ẹrù. Kì í ṣe pé ayé gbàgbé bí a ti ń ṣe ọkọ̀ ojú irin o: ní Japan àti ní Faransé, ó ń sá ju 300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ìmọ̀ ń gòkè níbì kan, ohun tí ìmọ̀ náà bí ń ṣá níbòmíràn, ní ọjọ́ kan náà. Ẹni tó bá ń ya àwòrán ọdún 3000 tí kò fi èyí sí i, ìdajì ọ̀la ló yà.

Wọn á ní owó àti òṣèlú ló dá ojú irin dúró, pé ìmọ̀ ẹ̀rọ kò lẹ́bi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èwo ni ẹ̀rọ tó ń rìn láìsí owó àti òṣèlú? Àtakò kejì le jù ú: ẹni tí kò ní tẹlifóònù onírin rí láyé rẹ̀ ti ń fi fóònù alágbèéká fowó ránṣẹ́. Fífò ni ìtẹ̀síwájú fò síbẹ̀, kò tẹ̀lé ìlà. Mo gbà. Síbẹ̀, òpó tó ń gbé ohùn rẹ̀ ń fẹ́ iná, fóònù náà sì ń fẹ́ ẹni tó ń tú u palẹ̀ lọ́jà bí ojú rẹ̀ bá fọ́. Òwe wa gan-an kò sọ pé kí babaláwo dífá lẹ́ẹ̀kan fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Ọrọọrún ló wí, iṣẹ́ àṣetúnṣe ni.

Tade Thompson mọ èyí. London ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, Nàìjíríà ló sì ti dàgbà. Ìwé rẹ̀ Rosewater, tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019, sọ ìtàn ìlú kan ní Nàìjíríà ní 2066, ìlú tó hù yí ẹ̀dá kan tó ti òfuurufú wá ká. Ara ẹ̀dá yìí ni ìlú ti ń rí iná, ṣùgbọ́n iná náà kò ṣeé lò bó ti wà: ẹ̀rọ tí ọmọ èèyàn ṣe ló ń yí i padà kí ó tó wọ ilé. Ẹni tó bá ń ka ìwé náà nítorí àlejò ọ̀run nìkan lè fo ibẹ̀. Ní tèmi, ibẹ̀ ló ti hàn pé ẹni tó dàgbà síbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ ló kọ ọ́.