Ọtí, Ooru Ara àti Ṣúgà inú Ẹ̀jẹ̀

Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni pé ọtí a máa mú ara gbóná. Benjamin Ward Richardson, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tako èrò yìí nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1874 àti 1875. Ó ti fi ẹranko dán an wò, ó sì rí i pé ńṣe ni ooru inú ara ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ya wá sí abẹ́ awọ. Awọ a gbóná, ooru a sì bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ní 1963, Norbert Freinkel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọtí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ ẹni tí kò jẹun pèsè ṣúgà tuntun fún ẹ̀jẹ̀.

Ǹjẹ́ ọ̀rá ha lè gba ẹni tí ó sanra lọ́wọ́ ewu òtútù yìí? Ẹ wo èkúté tí àsanrajù jẹ́ àjogúnbá fún, èyí tí wọ́n ṣàkíyèsí ní ilé ìwádìí kan ní Bar Harbor, Amẹ́ríkà, ní 1949. Ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọ̀rá sì bò ó, síbẹ̀ ara rẹ̀ kì í pèsè ooru tí ó tó. Òtútù líle a máa pa á. 

Nítorí náà, ẹni tí òtútù ń mú, aṣọ àti oúnjẹ ni kí á wá fún un, kì í ṣe ọtí.